Ẹ Bi Ìyá Láàbù: Gáàsì Inú Ìgò, Òjò Iléṣà, àti Nọ́ńbà Tí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Wọ̀n

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin tèmi. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ FTIR lóṣù tó kọjá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán infrared (ìtànṣán ooru tí ojú kò rí) yẹ mólékù wò, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ gáàsì kò dáwọ́ dúró. Mẹ́rin ni mo mú lónìí. Ti àkọ́kọ́ ni yóò gba àyè jù, nítorí ó kan ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ láàbù kẹ́mísírì, tí mò ń to ohun èlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí n tó fẹ̀yìn tì sí ilé wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ mí ní Ìyá Láàbù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ yunifásítì ni mí ní Iléṣà, mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ FTIR kan ṣoṣo la ní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta sì jẹ́ 60. Ìgò gáàsì wa, ìyẹn èyí tí a ń kó gáàsì sí kí ìtànṣán lè gba inú rẹ̀ kọjá, ti di bàìbàì lójú méjèèjì. Àwọn àgbà tí mo bá níbẹ̀ ní kí n fi gáàsì sílẹ̀, kí n máa fi pàúdà aspirin kọ́ wọn, pé ìyẹn kò ní wàhálà. Ọkàn mi kò gbà. Ṣé agídí ni mò ń ṣe? Bí kì í bá ṣe agídí, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? — Olùkọ́ tuntun, Iléṣà

Èsì: Agídí kọ́, olùkọ́ mi. Ẹ má fi gáàsì sílẹ̀.

Mo mọ bí iṣẹ́ pàúdà ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á da aspirin díẹ̀ sórí ẹ̀rọ, á tẹ bọ́tìnì, spectrum á jáde, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn ìtànṣán tí mólékù gbà, tí ibi tó ti gbà á sì dà bí òkè. Á ṣí tábìlì tó wà lẹ́yìn ìwé, á rí i pé òkè tó wà láàárín 1,680 sí 1,760 cm⁻¹ (ìwọ̀n tí a fi ń to ìtànṣán infrared) jẹ́ ti C=O, ìyẹn ibi tí kábọ́ọ̀nù àti oxygen ti so pọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Kò wọn nǹkan kan. Orúkọ ló kàn fi pe ohun tó rí. Èyí wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ọmọ náà á jáde ní láàbù láìmọ ohun tí mólékù ń ṣe.

Nínú pàúdà, mólékù há mọ́ ara wọn bí èrò ọjà Àtàkúnmọ́sà nígbà tí ọdún Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí èyí tó ráyè yí. Nínú gáàsì, kálukú ní àyè tirẹ̀: ó ń gbọ̀n, ó sì ń yí bí òkòtó. Tí ìtànṣán infrared bá kọjá lára HCl, ìyẹn gáàsì tí mólékù rẹ̀ jẹ́ hydrogen kan àti chlorine kan, mólékù á gba ìwọ̀n agbára tó bá gbígbọ̀n rẹ̀ mu, àmọ́ ní àkókò kan náà yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìṣísẹ̀ kan lọ sókè tàbí kó fi ìṣísẹ̀ kan wá sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró síbi tó wà. Ìdí nìyí tí òkè kan ṣoṣo fi fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà, tí àlàfo sì wà láàárín òòyà náà, ní nǹkan bí 2,886 cm⁻¹, níbi tí ọmọ ti retí pé kí òkè tó ga jù lọ wà gan-an. Mo fẹ́ràn ojú tí wọ́n máa ń fi wo àlàfo yẹn. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n gbé rúlà. Eyín àkọ́kọ́ lókè àlàfo wà ní 2,906.2, èkejì ní 2,925.9. Nísàlẹ̀ àlàfo, àkọ́kọ́ wà ní 2,865.1, èkejì ní 2,843.6. Kí ọmọ yọ 2,843.6 kúrò nínú 2,906.2. Ó ku 62.6. Kí ó fi 6 pín in, ó di 10.43. Nọ́ńbà yìí, tó ń sọ bí mólékù ṣe ń yí, là ń pè ní B. Tó bá fi í sínú ìṣirò pẹ̀lú ìwúwo átọ́ọ̀mù méjèèjì, á rí i pé láti àárín hydrogen dé àárín chlorine jẹ́ nǹkan bí 1.28 ångström. Ångström kan, ẹ ó rántí, jẹ́ ìdá kan nínú 10,000,000,000 mítà. Rúlà oníke tí wọ́n rà ní ìsọ̀ ìwé ni ọmọ yìí fi ṣe é, lórí pépà, lójú ara rẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí kò gbà pé òun ni òun rí i.

Ọmọ tó bá lójú inú á tún rí i pé eyín òkè ń sún mọ́ ara wọn, tí ti ìsàlẹ̀ ń jìnnà síra. Ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí oníjó tó ń pòyì, tó wá na apá rẹ̀ méjèèjì. Yíyí rẹ̀ á dẹ̀. Mólékù tó ń gbọ̀n gan-an ti gùn díẹ̀ ju èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ, ohun tó sì gùn kì í yí bíi ti ẹni tó ká apá mọ́ra. Tí òye èyí bá yé e, ó yé e dọ́jọ́ alẹ́.

Ó wá ku ìgò bàìbàì yín. Fèrèsé méjì tó wà lórí ìgò yẹn, iyọ̀ ni wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún un sọ. Gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí a nílò kọjá dáadáa, nítorí náà wọ́n gé fèrèsé láti ara iyọ̀ NaCl, ìyẹn iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an, tàbí KBr tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ẹ mọ bí iyọ̀ inú abọ́ ṣe máa ń rí ní ilé ìdáná lóṣù Keje: á kọ́kọ́ dì mọ́ra, á wá máa sun omi. Ohun tó ń ṣe fèrèsé yín náà nìyẹn.

Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, a fẹ́ fi èémí akẹ́kọ̀ọ́ hàn wọ́n, kí wọ́n lè rí CO₂ tó ń ti ẹnu tiwọn jáde. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo wà ní ìkángun tábìlì, mò ń wá rọ́bà kan. Kí n tó gbójú sókè, ọmọ ti fi ẹnu sí ọ̀nà ìgò, ó ti fẹ́ èémí sí i pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ iná. Fèrèsé funfun kúlúkúlú bíi mílíìkì níwájú mi. Èémí ẹnu lọ́rinrin, ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá iyọ̀. Títí sáà yẹn fi parí, kò sí ẹni tó tún rí gáàsì wò ní láàbù yẹn. Ọmọ náà sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iyọ̀ ni, èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bàlúùnù ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́. Èémí inú bàlúùnù á wá gba inú páìpù tí a kó calcium chloride gbígbẹ sí kó tó dé inú ìgò.

Fèrèsé tó ti di bàìbàì kì í ṣe òkú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù lọ fá ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ òwú mímọ́ sórí díńgí pẹrẹsẹ, ẹ ta ẹ̀kán ethanol díẹ̀ sí i pẹ̀lú pàúdà alumina tó kúnná, kí ẹ sì máa yí iyọ̀ náà lórí rẹ̀ bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Ẹ má fi omi kàn án rárá. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e sókè sí ojú iná, ẹ fi wo àjà. Tí ẹ bá ti rí etí gílóòbù kedere, ó tó. Ẹ má lọ wá èyí tó ń dán bíi tuntun, ẹ ó fá iyọ̀ tán síbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ibi gbígbẹ ló gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ fi sínú àpótí tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel. Irú èyí tó ń yí àwọ̀ ló dára: tó bá jẹ́ búlúù, ó gbẹ, tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti mu omi yó, ẹ dá a padà sínú ààrò láàbù ní 110°C títí àwọ̀ búlúù yóò fi padà. Ẹni tí kò bá ní àpótí náà lè lo kọ́bọ́ọ̀dù kékeré kan, kí ó so gílóòbù 40 wáàtì sínú rẹ̀ kó máa jó tọ̀sán tòru. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná ni mò ń sọ o; LED kò lè ṣe é, nítorí ooru là ń wá, a kò wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ tún rántí pé inú ẹ̀rọ FTIR fúnra rẹ̀ ní iyọ̀ nínú, níbi tí ìtànṣán ti ń pín sí méjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pa lójoojúmọ́ nítorí iná mànàmáná máa ń tutù, ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ bẹ àwọn aláṣẹ fún ínfátà fún un ṣáájú kí ẹ tó bẹ̀ wọ́n fún ohunkóhun mìíràn.

Tí ẹ bá lè yan ìgbà, ẹ gbé iṣẹ́ gáàsì sí àkókò ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ètè ń bó nígbà náà. Inú iyọ̀ ń dùn nígbà náà.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ 60, ẹ pín wọn sí ọ̀nà 12, márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀rọ kì í pẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ìdúró lórí ìlà ló ń pa ọ̀pọ̀ wákàtí. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó dé ibi ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yàwòrán ohun tí wọ́n retí sórí káádíbọ́ọ̀dù: eyín mélòó, níbo, èwo ló ga jù, kí ló dé. Ẹni tí kò bá mú àwòrán wá, kò ní kan ẹ̀rọ. Ẹ pa ohun tó ń kọ nọ́ńbà sórí òkè fúnra rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fara mọ́ èyí, wọ́n á ní ayé ti lajú. Àmọ́ ọmọ tí kọ̀ǹpútà bá ka nọ́ńbà fún kò ní mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣì í kà.

Lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín síta ni kí ẹ ti fa HCl, ibòmíràn ò sí. Ẹ fi sírínjì oníke fa mílílítà 10 lára èéfín tó wà lórí ásíìdì hydrochloric tó ki nínú ìgò rẹ̀. Ẹ má fa ásíìdì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èéfín náà gba inú calcium chloride kọjá sínú ìgò gáàsì oní sẹ̀ǹtímítà 10. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ nínú ìgò kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe background, ìyẹn spectrum àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ á fi ti gáàsì wé. Ẹ sì to agbára tí ẹ̀rọ fi ń ya òkè tó sún mọ́ra sọ́tọ̀ sí 1 cm⁻¹ tàbí èyí tó kéré sí i. Tí ẹ bá fi í sí 4 tí wọ́n fi ń ṣe pàúdà, eyín á ṣì hàn, àmọ́ ìbejì inú eyín á sọnù.

Ìbejì wo? Chlorine oríṣi méjì ló wà, 35 àti 37. Nínú chlorine mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta jẹ́ 35, ọ̀kan tó kù jẹ́ 37. Gbígbọ̀n èyí tó wúwo lọ́ra díẹ̀ ju ti èkejì lọ, nítorí náà eyín kọ̀ọ̀kan ní àbúrò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 2 cm⁻¹ sísàlẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan wọn gíga ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ó fún wọn ní 1.5 sí 1. Ìwé sọ pé 3 sí 1. Wọ́n fẹ́ kọ 3 sílẹ̀. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń pa á rẹ́. Mo ní, "Ẹ dá a padà. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá bi í pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀." A jókòó tì í. A rí i pé HCl inú ìgò ti pọ̀ jù: ẹ̀gbọ́n ti gba gbogbo ìtànṣán tó wà ní ibùdó rẹ̀ tán, kò ní ibi tí yóò ga dé mọ́, àbúrò sì ń dàgbà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fa èyí tó pọ̀ jù síta, wọ́n dín in kù sí ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n tún un ṣe. 2.9 sí 1. Ariwo tí wọ́n pa, àwọn tó wà ní láàbù kejì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ méjèèjì sínú ìwé wọn, 1.5 àti 2.9, pẹ̀lú ìdí.

Olùkọ́ mi, aspirin kò lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nírú ọ̀sán yẹn. Ohun tí ẹ ó sọ fún àwọn àgbà yín nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ẹ̀rọ ò ní nǹkan kan nínú, àmọ́ mo máa ń rí òkè kan ní 2,349. Nígbà míì ó kọjú sókè, nígbà míì ó kọjú sísàlẹ̀. Wọ́n ní CO₂ ni. Ṣebí nitrogen àti oxygen ló kún inú afẹ́fẹ́, kí ló dé tí wọn kì í hàn? — Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, Ilé-Ifẹ̀

Èsì: Ọmọ mi, o káre. Ìtànṣán infrared ń wá ibi tí iná mànàmáná inú mólékù bá ti ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nitrogen jẹ́ átọ́ọ̀mù méjì tó dọ́gba, oxygen bẹ́ẹ̀. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn, wọ́n lè na okùn kí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò sí apá kan tó borí. Ìtànṣán kò rí ibi dì mú. Nínú CO₂, tí oxygen méjèèjì bá jọ na síta lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà kò ní hàn; àfìgbà tí kábọ́ọ̀nù bá ń sún mọ́ ọ̀kan tó ń jìnnà sí èkejì, ìyẹn ni 2,349, tàbí tí mólékù bá ń tẹ̀, ìyẹn ni 667. Láti ọdún 1859 lọ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Tyndall, ti fi ìgò gígùn àti ooru wọ̀n ọ́n nílùú London pé nitrogen àti oxygen ń jẹ́ kí ooru kọjá, àmọ́ omi tó ti di gáàsì àti CO₂ ń dá a dúró.

Ní ti òkè tó ń yí ojú padà, èémí rẹ ni. CO₂ inú afẹ́fẹ́ lé díẹ̀ ní 420 nínú 1,000,000. Èyí tó ń ti ẹnu rẹ jáde tó nǹkan bí 4 nínú 100. Tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá pagbo yí ẹ̀rọ ká lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe background, CO₂ á pọ̀ sí i, òkè á yọ. Tó bá jẹ́ ìgbà background lẹ pagbo, tí ẹ wá tú ká, á kọjú sódì. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ rí i. Ọ̀nà kan náà yìí, ìtànṣán infrared nínú gáàsì, ni Charles David Keeling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ sí wọn CO₂ lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, nígbà tó ṣì wà ní nǹkan bí 315.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ọmọ mi ń fi ìtànṣán ṣiṣẹ́ ní láàbù. Ṣé kò ní pa á lára? — Ìyá ọmọ kan, Modákẹ́kẹ́

Èsì: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ìtànṣán yìí kì í ṣe irú ti X-ray. Ooru ni, irú èyí tó ń ti ara ẹyín iná wá bá yín lójú tí ẹ bá ń yan àgbàdo. Ohun tí ẹ máa bi ọmọ yín ni bóyá kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín síta ń ṣiṣẹ́, nítorí èéfín HCl ń ta èèyàn lójú àti lọ́fun. Tó bá ní kò ṣiṣẹ́, kó má ṣe é lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà. A ò ní ẹ̀rọ kankan. Mo fẹ́ fi ìgò méjì sínú oòrùn, ọ̀kan pẹ̀lú CO₂ láti ara ọtí kíkan àti sódà, kí wọ́n rí i pé ó gbóná jù. Ṣé ó dára? — Olùkọ́ girama

Èsì: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe èyí. Mo mọ̀ pé ó pọ̀ káàkiri. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ti ń dá ìtànṣán tí CO₂ ń gbà dúró, CO₂ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í rìn bákan náà nínú ìgò. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí tí ẹ sọ fún wọn ló fà á.

Ẹ lo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kọ iwájú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì: ojú lásán kò rí nǹkan, fóònù á rí iná tó ń ṣẹ́jú. Kámẹ́rà fóònù míì kì í rí i, ẹ gbìyànjú èyí tó wà níwájú. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wọn, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́rin HCl tí mo kọ sókè yìí, kí wọ́n ṣe ìyọkúrò àti pínpín. Kò gba ẹ̀rọ. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún gáàsì púpọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní HITRAN.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti William Herschel, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàwárí ìtànṣán infrared, lọ́dún 1800. Tẹmómítà mẹ́ta, kí ẹ fi yíǹkì kun orí wọn dúdú. Ẹ gbé prism (gíláàsì onígun mẹ́ta tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀) sójú fèrèsé ní ọ̀sán tí oòrùn mú, kí àwọ̀ òṣùmàrè balẹ̀ sórí pépà funfun. Ọ̀kan sí àwọ̀ búlúù, ọ̀kan sí pupa, kí wọ́n gbé ẹ̀kẹta sí ẹ̀gbẹ́ pupa lóde, níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n wá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.